Mọ́tò Bàbá Mi Àgbà

Láti ìgbà tí mo ti fi àwòrán mọ́tò yẹn síbí ni ẹ ti ń bi mí pé èló ni mo rà á, ta ló ń bá mi tún un ṣe, ṣé mo fẹ́ tà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí ti di ẹjọ́ nínú ilé wa.

Gbogbo wa la mọ 504. Ta ni kò wọ fàmílíàlì rí láti Kétu dé Kútọnu, tí wọ́n há wa mọ́ra bí ẹja inú agolo, tí ewúrẹ́ ń ké lórí? Ọdún 1968 ni Peugeot gbé e jáde. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kaduna, ní Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n ṣe káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 3. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ní, ọmọ ìyá rẹ̀ tí kò wọ́pọ̀ ni: Coupé, onílẹ̀kùn méjì. Pininfarina ti Ítálì ló ya á, àwọn náà ló sì ń ṣe ara rẹ̀ ní Turin. Ó kúrú ju 504 tí a mọ̀ lọ, ó sún mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń wo nǹkan lókèèrè. Láti 1969 títí dé 1983 tí wọ́n fi ṣe é, bí ẹgbẹ̀rún 20 ó lé díẹ̀ péré ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹwà nìkan ló ní o. Lọ́dún 1978, Coupé oní-V6 ni Jean-Pierre Nicolas fi gba eré Safari ní Kẹ́ńyà, òun náà ló sì fi gba Bandama ní Kóòtù Difúà lọ́dún yẹn kan náà. Orí irú ilẹ̀ pupa tiwa yìí ni wọ́n ti sá a.

Tèmi kì í ṣe V6. Oní-lítà 2 ni, ti ọdún 1972, tó ní iná kéékèèké mẹ́rin níwájú. Bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló rà á lálòkù ní Marseille níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Kútọnu lọ́dún 1984. Nígbà tó fi máa wọ Kétu, àwa ọmọdé sá tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà ìlú títí dé agbo ilé. Kì í gbé ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Sunday ló ń gbé e jáde, á wẹ̀ ẹ́, á lọ ṣọ́ọ̀ṣì, á gbé e padà.

Nígbà tí bàbá kú, mọ́tò náà wà lábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún púpọ̀. Adìyẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn. Lọ́dún 2017 ni àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta pinnu pé kí àwọn tó ń wọn irin kó o lọ. 120,000 sẹ́fà ni wọ́n fẹ́ san. Mo ní kí wọ́n dúró, màá san 350,000. Owó páánù ilé mi ni. Ìyá àwọn ọmọ mi kò bínú, ó kàn bi mí pé, "Ṣé inú mọ́tò yẹn la ó máa sùn tí òjò bá dé?" A kọ ìwé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, àbúrò bàbá mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kétu tẹ̀ka sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bí a ṣe ń ra irú mọ́tò báyìí, ẹ gbọ́ àṣìṣe mi. Ẹ́ńjìnnì ni mo wò. Mo fọwọ́ yí i, ó yí, inú mi dùn. N kò dùbúlẹ̀ wo abẹ́. Ẹ́ńjìnnì ni ohun tó rọrùn jù lára rẹ̀, nítorí ti 504 tí a mọ̀ ni, ẹ ó ṣì rí ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní òdìkejì ẹnubodè. Ara rẹ̀ ló ń pani. Ìpàǹtí máa ń jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, àti ihò tí wọ́n ń fi táyà àpamọ́ sí. Ẹ mú òòfà kékeré dání. Ibi tí kò bá ti mú, ẹ̀tàn ni wọ́n fi dí i, wọ́n kun ọ̀dà sí i. Nígbà tí ẹni tó ń jó irin fi sukurudíráfà gún abẹ́ ilẹ̀kùn tèmi, ó wọlé bí ọ̀bẹ tó wọ inú ẹ̀kọ. Oṣù 14 ló fi ń gé, tó ń lẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ níbí, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọ̀sà yìí, bí ẹ bá dá irin sílẹ̀ láìkùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Gíláàsì, iná, àti àwọn irin dídán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ kò ní rí wọn lára 504 tí a mọ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù, Yúróòpù ni.

Ohun kejì ni pọ́ńpù. Èyí kò lo kábúrétọ̀. Pọ́ńpù Kugelfischer ló ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo, irin lásán ni, kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó le bí aago. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló sọ fún mi pé kí a yọ ọ́ dànù, kí a fi kábúrétọ̀ 504 pikọ́ọ̀pù sí i. Ẹnì kẹrin, bàbá kan tó ti lé ní 70, tó kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu nígbà tí irú mọ́tò yìí ṣì jẹ́ tuntun, ló gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó wo pọ́ńpù náà pẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án." Ó lo oṣù méjì, kò tú pọ́ńpù rárá, ó kàn ń fọ táǹkì, ó ń pààrọ̀ ọ̀pá epo, ó ń sẹ́ ohun gbogbo. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó jókòó sórí báńkì, ó ní kí n bu omi fún òun. Ó kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà pé n kò gbọdọ̀ ra kpayo sí i láé.

Ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń bọ̀ láti Kétu, mo ti kọjá Pọ́bẹ̀, epo fẹ́ tán kí n tó dé Ṣakété. Ilé epo ti tì. Ọmọ kan wà létí ọ̀nà pẹ̀lú ìgò rẹ̀ àti fìtílà. Lítà 5 péré ni mo rà. Omi wà nínú rẹ̀. N kò tí ì dé Àjàṣẹ́ tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, tó sì dákẹ́. Omi ti wọ pọ́ńpù, àwọn irin inú rẹ̀ ti há. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá mẹkáníìkì, kò bá mi wí. Ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé. Ì bá sàn kó bú mi. Ọmọ ìlú wa kan tó ń lọ sí Lyon ló bá wa gbé pọ́ńpù náà dání. Oṣù mẹ́fà, 480,000 sẹ́fà.

Lọ́dún tó kọjá ni òyìnbó kan rí mọ́tò náà. Ó dùbúlẹ̀, ó wo abẹ́ kó tó wo ẹ́ńjìnnì, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Mílíọ̀nù 4 ló ní òun á san. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí bàbá mi àgbà. Ó pè mí, kò kí mi. "Mọ́tò bàbá wa lo fẹ́ fi di olówó."

Ìyá Kétu pè wá jọ. Mo mú ìwé àdéhùn dání, mo mú ìwé ìnáwó mi dání pẹ̀lú. Ìyá kò mọ̀wé, ó ní kí n kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń kà á: owó irin, ọ̀dà, táyà, rọ́bà gíláàsì. Mo dé ibi 480,000. Ó ní, "Pọ́ńpù wo?" Ó di dandan kí n ro ẹjọ́ kpayo lójú gbogbo ilé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2 àti 915,000, yàtọ̀ sí 350,000 tí mo kọ́kọ́ san.

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò bèèrè owó. Ó ní, "Ọjọ́ tí mọ́tò yẹn kọ́kọ́ dáhùn, ta lo pè?"

N kò pe ẹnikẹ́ni. Mo gbé e yí Àjàṣẹ́ ká, mo ya fọ́tò, mo fi í síbí fún yín. Èyí tí mo fi lọ sí Kétu, iwájú ilé wọn ni mo gbà kọjá, n kò yà.

Ìyá ní ìwé ni ìwé, mọ́tò di tèmi. Ṣùgbọ́n ó ní kí n gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló wà á, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a gba ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi yí padà. Ó wá ní kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ le ju ti àtijọ́ lọ. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún 14, bàbá jẹ́ kí òun wà á lẹ́ẹ̀kan, ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Òyìnbó náà ní òun á padà dé ní oṣù Kejìlá. N kò tí ì dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá ní ọjọ́ Sunday nísinsìnyí, ó ń bá ọmọ iṣẹ́ Bàbá mẹkáníìkì jókòó, nítorí ojú Bàbá ti ń ṣú, ọmọ náà ló ń fi ọwọ́ ṣe, Bàbá ń fi ẹnu júwe. Iná iwájú kan lápá òsì ló kù wá báyìí, ọ̀kan nínú mẹ́rin. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ibi tí 504 Coupé mìíràn wà lábẹ́ igi kan, ì báà jẹ́ ní Lomé tàbí ní Atakpamé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ níbí. Gíláàsì iná náà nìkan ni mo fẹ́, kí onímọ́tò má bẹ̀rù.