Aago Mẹ́wàá Nídìí Tábìlì Oníkọ́ìlì

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé ti lù ní ọjà Alaba International, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ti kó sípíkà síta. Fújì ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún, orin ìyìn ń dún lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó bá fẹ́ ná ọjà ní láti sún mọ́ etí ẹni tó ń tà á. Àwọn alábàárù ń gbé páálí tẹlifíṣọ̀n kọjá: “Àgò o! Ẹ yà fún wa!” Mi ò wá wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ni mo gbà lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun tó ń wọ inú sípíkà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu bóyá ìwàásù yóò já gaara lọ́jọ́ Àìkú tàbí yóò máa kùn.

Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí igun rẹ̀ ti jẹ. Wúfà tò sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi bírò kọ iye owó wọn sí mágínẹ́ẹ̀tì lára. Kàpásítọ̀ kún inú agolo mílíìkì, kọ́ìlì wáyà bàbà rọ̀ mọ́ ìṣó. Iwájú pátápátá ni kírọ́ọ̀sófà alásèpọ̀ wà, pátákó kékeré kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá, “1000W” hàn gàdàgbà lára rẹ̀. Òun ni ojú oníbàárà kọ́kọ́ ń lọ bá.

Asẹ́ ni kírọ́ọ̀sófà jẹ́ nínú àpótí. Kọ́ìlì ń dá ohùn tínńrín dúró kó má dé ọ̀dọ̀ wúfà, kàpásítọ̀ ń dá béèsì dúró kó má dé ọ̀dọ̀ tíwítà. Béèsì ló ń gba agbára jù nínú orin wa, wáyà inú tíwítà sì fẹ́lẹ́. Bí béèsì bá ráyè wọlé sí i, ó máa jó ni.

Káfíńtà kan dé nígbà tí mo dúró síbẹ̀. Ó ti kan àpótí mẹ́rin tí wọ́n máa gbé kọ́ ara ògiri ìjọ kan ní Ìyànà-Ìbà, wúfà oníǹṣì 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ọ̀gá mi, ẹ fún mi ní kírọ́ọ̀sófà tó lágbára, ti 1000 wọ́ọ̀tì, mẹ́rin.”

Ọmọ Ìgbò ni ọlọ́jà, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ já geere. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ojúlówó lẹ̀ ń wò yẹn.”

Bàbá atúnrédíòṣe kan tó ń jó lẹ́ẹ̀dì nídìí tábìlì gbójú sókè. “Ómù mélòó ni tíwítà yín?”

Káfíńtà wò ó. “Bàbá, tíwítà ni ṣá. Ti dúdú yẹn.”

Inú mi dùn sí ìbéèrè bàbá yẹn, torí gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Kàpásítọ̀ kì í dá pinnu ibi tí ohùn yóò ti gé. Òun àti ómù tíwítà ni wọ́n jọ ń pinnu rẹ̀. Máíkírófárádì 6.8 lórí tíwítà ómù 8 yóò gé ohùn ní nǹkan bíi 2,900 Hz. Ẹ gbé kàpásítọ̀ kan náà sórí ómù 4, ó di bíi 5,800 Hz, àlàfo á sì wà láàárín ibi tí wúfà ti dákẹ́ àti ibi tí tíwítà ti gbà á. Ẹ wá fi 13 tí wọ́n ṣe fún ómù 4 sórí ómù 8, tíwítà á máa ṣe làálàá láti bíi 1,500 Hz, kò sì ní pẹ́ kú. Wọ́ọ̀tì tí wọ́n tẹ̀ sára pátákó kò sọ ọ̀kankan nínú èyí.

Àlàfo yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwa tí à ń sọ Yorùbá. Láàárín 2,500 sí 4,000 Hz ni agbára ìró ṣ pọ̀ sí, ti s ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kírọ́ọ̀sófà bá ba ibẹ̀ jẹ́, ìjọ á gbọ́ pé pásítọ̀ ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní mọ ohun tó ń wí. Ìró kọ̀ǹgọ́ nígbà tó bá kan awọ gángan wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Káfíńtà fa fóònù yọ, ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ kó yí tíwítà wo ẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ń dúró, bàbá da kàpásítọ̀ sórí tábìlì. Kò wo iye tí wọ́n kọ sára wọn. Mítà ló fi ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tí wọ́n kọ 6.8 sí mú 5.6 wá. Electrolytic ni, irú èyí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì máa ń gbẹ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Bí ẹ bá máa rà á rárá, kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ NP tàbí BP sí, tí kò ní pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù. Èyí tí wọ́n fi polypropylene ṣe tóbi, ó sì wọ́n, àmọ́ iye rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, kì í sì í gbẹ. Lójú tèmi, ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀ kó ra polypropylene sí ọ̀nà tíwítà, kó fi electrolytic sí ọ̀dọ̀ wúfà.

Ọ̀rọ̀ kọ́ìlì ló gba àkókò jù. Bàbá mú méjì tó rí bákan náà, ó fi abẹ ha wáyà wọn. Ọ̀kan pọ́n dénú. Èkejì funfun lábẹ́, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Álúmíníọ̀mù ń dènà iná ju bàbà lọ, agbára tó yẹ kó dé wúfà á wá di ooru nínú kọ́ìlì. Kọ́ìlì tí irin wà láàárín rẹ̀ kéré, kò sì gba wáyà púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ohùn sókè gan-an, irin náà á kún, ohùn á sì máa fọ́. Fún òde ìnáwó, èyí tí kò nírin ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá sì ń tò wọ́n sínú àpótí, ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra, kí ọ̀kan dúró, kí èkejì dùbúlẹ̀, kí wọ́n má baà máa gba iná ara wọn.

Ọlọ́jà náà gbé kírọ́ọ̀sófà tòkunbọ̀ kan jáde, tí wọ́n yọ lára sípíkà tó wọlé nínú kọ̀ńtẹ́nà. Kọ́ìlì rẹ̀ ki, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bàbá gbé e wò. “Ó dáa, àmọ́ sípíkà ẹlòmíì ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ẹ tú u, kí ẹ lo kọ́ìlì ẹ̀.”

Fóònù dún. Ómù 8 ni tíwítà, ómù 8 ni wúfà. Bàbá ní kàpásítọ̀ kan ṣoṣo kò tó fún ṣọ́ọ̀ṣì, torí 6 dB péré ló ń yọ kúrò nígbàkígbà tí iye Hz bá lọ sí ìdajì. Ó ṣa kàpásítọ̀ 3.3 àti kọ́ìlì 0.85 mílíhẹ́nrì fún tíwítà, iye kan náà fún wúfà, kí ó lè gé ní 3,000 Hz pẹ̀lú 12 dB. Ó ní kí wọ́n yí pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù tíwítà padà nígbà tí wọ́n bá ń so ó. Irú gígé yìí ni wọ́n ń pè ní Linkwitz-Riley, orúkọ ẹlẹ́rọ méjì tó ṣiṣẹ́ ní Hewlett-Packard. Owó rẹ̀ ju ti alásèpọ̀ mẹ́rin lọ dáadáa. Káfíńtà ná an títí, ó san án.

Tíwítà ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi, wọ́n ní ayédèrú ni, nígbà tó jẹ́ pé kàpásítọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ló ń pa á lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kan àpótí fún ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti òde ìnáwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ómù sípíkà yín sórí bébà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì ní kí ọlọ́jà fi mítà wọn ohun tí ẹ ń rà lójú yín kí ẹ tó sanwó.