Bí Òjò Ṣe Wọ Ìjàpá Wa

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ inú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ kan ni ó jẹ́ kí ìtumọ̀ rẹ̀ yé mi. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, nítorí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà lábẹ́ igi máńgòrò ilé tiyín, tàbí ní ilé bàbá yín ní abúlé.

Ọkọ̀ Volkswagen ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto. Olùkọ́ ni baálé wa ní Lálúpọn. Nígbà tí ìjọba san owó Údójì ní ọdún 1975, àwọn kan fi tiwọn ra alùpùpù, àwọn kan fi ra rédíò. Baálé wa pa á pọ̀ mọ́ owó tó ti ń tọ́jú, ó sì ra Ìjàpá tuntun. Ọdún yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní ọ̀nà Badagry ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní gbogbo ayé, irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní Mẹ́síkò ní ọdún 2003.

Ìyálé mi ni ó kọ́kọ́ jókòó sí iwájú ọkọ̀ náà. Èmi wọlé ní ọdún 1979, ẹ̀yìn ni èmi sì máa ń jókòó. Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi mọ ohun tí mò ń sọ.

Baálé wa jáde láyé ní ọdún 2017. Alfa pín ogún gẹ́gẹ́ bí Àlùkùránì ti là á sílẹ̀: nítorí pé ọkọ wa bímọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti àwa ìyàwó, àwa méjèèjì ni a ó sì jọ pín in. Àwọn ọmọ kò fẹ́ Ìjàpá, wọ́n ní irin àlòkù ni. Wọ́n díye lé e, wọ́n sì kà á mọ́ ìpín èmi àti ìyálé mi. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi, ìwé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ìyálé mi. Èmi kò lè tà á, òun kò lè gbé e jáde. Ọ̀rọ̀ kan bọ́ lẹ́nu mi ní ọjọ́ ìpín náà, òun náà sì fèsì. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́rin gbáko, a kò bá ara wa sọ ju "Ẹ káàárọ̀" lọ nínú agbo ilé kan náà.

Ní gbogbo àkókò yẹn, òjò ń rọ̀ sórí Ìjàpá, oòrùn ń pa á. Ọmọ mi ọkùnrin a máa tá a ní ọjọ́ Jímọ̀ kí bátìrì má bàa kú, yóò sì tún pa á síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2019, fíúsì iná iwájú jó. Riwáyà kan tí a pè ka bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ fíúsì tó jó náà, iná sì tàn. Mo mọ̀ pé baálé wa kò ní gbà bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n mo ní, ta ni mo fẹ́ ná owó fún, ṣé èmi àti ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀? Mo dákẹ́.

Òru ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni ìyálé mi kan ilẹ̀kùn mi. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya. Ó ní, "Ìyàwó, mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ìyàwó ọmọ mi ń rọbí, ẹsẹ̀ ni ọmọ fẹ́ fi wáyé. Agbẹ̀bí ní ká máa gbé e lọ sí Ìbàdàn." Kò sí ọkọ̀ mìíràn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi wa Ìjàpá, aboyún àti ìyálé mi jókòó sẹ́yìn, èmi jókòó sí iwájú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó sí iwájú ọkọ̀ náà nìyẹn, mi ò sì gbádùn rẹ̀.

A kọjá Ìyànà Ọ̀fà díẹ̀ ni mo gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Èéfín yọ lábẹ́ dáṣíbọ̀ọ̀dù, iná iwájú ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Òkùnkùn biribiri ni. Ọmọ mi tẹ bíréèkì, ó kígbe pé kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, nítorí pé iwájú ni táǹkì pẹtiróòlù Ìjàpá wà, kò jìnnà sí ibi tí èéfín ti ń yọ. A gbé aboyún sílẹ̀ sínú òjò. Ọmọ mi yọ orí bátìrì, èéfín náà sì dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó gààrí lọ sí Ìbàdàn ló ṣàánú wa. Ọlọ́run ló yọ wá: ìyá yè, ọmọ yè. Ọmọbìnrin ni.

Nígbà tí a gbé Ìjàpá lọ sí Monátán, àgbàlagbà mẹkáníìkì kan tó ti ń tún Volkswagen ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ ṣí i fún wa, ó ní kí èmi àti ìyálé mi wá wo ohun tó fẹ́ pa wá. Mo rò pé wáyà ni yóò kọ́kọ́ fi hàn wá, ṣùgbọ́n rọ́bà ni ó fọwọ́ lé.

Ó ní ibi mẹ́ta ni òjò ń gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni rọ́bà tó yí ẹnu búùtù iwájú ká. Ó ti gan bí igi, ó sì ti là, omi wá ń gbabẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn dáṣíbọ̀ọ̀dù níbi tí wáyà pọ̀ sí. Èkejì ni rọ́bà gíláàsì iwájú, tí omi ń gbà ṣàn sí ilẹ̀ ọkọ̀, tí irin sì ti dípẹtà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta ni rọ́bà gíláàsì ẹ̀yìn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé abẹ́ àga ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún, ni bátìrì Ìjàpá wà. Irin tó gbé bátìrì dúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Ìdérí tó yẹ kó bo orí bátìrì ti sọnù, sípíríǹgì àga sì ti sọ̀ kalẹ̀. Bí sípíríǹgì bá kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀, yóò pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, tìmùtìmù àga yóò sì gbiná. Orí ibẹ̀ ni a gbé obìnrin tó ń rọbí jókòó sí.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Rọ́bà kì í ṣe irin. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n dáadáa; ní nǹkan bí ọdún 1895, oje igi irẹ́ láti inú igbó ilẹ̀ Yorùbá wà lára ọjà tí Èkó ń kó ránṣẹ́ sókè òkun. Oòrùn a máa gbẹ rọ́bà, atẹ́gùn a máa là á, bó ti wù kó dára tó. Ọkọ̀ tó bá dúró lójú kan sì máa ń bàjẹ́ ju èyí tó ń rìn lọ.

A ra rọ́bà tuntun ní ọjà páàtì ọkọ̀ ní Gate, Ìbàdàn. Bàbá mẹkáníìkì fi ọ̀bẹ gé ti àtijọ́ kúrò, ó ha ìpẹtà tó wà ní etí irin títí irin fi funfun, ó kùn ún lọ́dà, ó sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ ṣàkíyèsí èyí o: bí a bá fi rọ́bà tuntun lé orí ìpẹtà, owó ṣòfò nìyẹn, nítorí omi yóò tún gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn náà ó fi rọ́bà sí etí gíláàsì yíká. Ó fi okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ sínú kòtò tó wà lára rọ́bà náà, ó jẹ́ kí orí okùn méjèèjì kọjá ara wọn ní ìsàlẹ̀, ó sì fi omi ọṣẹ pa á. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ fi òróró ẹ́ńjìnnì tàbí gíríìsì pa á, nítorí a máa jẹ rọ́bà. Ẹnì kan yóò wà níta tí yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gíláàsì, ẹnì kan yóò wà nínú tí yóò máa fa okùn, kí ètè rọ́bà lè máa gun etí irin bọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mi orí. "Ẹni tí kò ní kánjú ni mo fẹ́," ni ó wí. "Àwọn wọ̀nyí yóò fa rọ́bà ya."

Ìyálé mi ká ìborùn rẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sí iwájú níbi tó ti ń jókòó láti ọdún 1975. Ó mú okùn. Èmi dúró níta, mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sórí gíláàsì. Gíláàsì nìkan ló wà láàárín wa, ojú wa sì kọjú síra wọn, ó di dandan kí a sọ̀rọ̀.

"Tẹ̀ ẹ́, Ìyàwó."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, mà."

"Apá ọ̀tún mi ni mo wí, kì í ṣe tìrẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é yí gíláàsì náà po. Nígbà tí igun tó kẹ́yìn wọlé, tí okùn bọ́ sí ìyálé mi lọ́wọ́ látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Lẹ́yìn náà mo bu omi sórí ọkọ̀ láti ìta, òun mú tọ́ọ̀ṣì nínú, ó ń wo gbogbo igun. Ẹ̀kán kan kò wọlé.

Ìgbà tí omi kò wọlé mọ́ ni bàbá náà tó fọwọ́ kan wáyà. Ó ní ẹni tó bá tún wáyà ṣe kó tó dí ibi tó ń jò, òjò tó ń bọ̀ ni yóò jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ orí bátìrì. Ó so àkísà aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan kó tó tú u, kó lè mọ ibi tí yóò dá a padà sí. Nínú Ìjàpá wa, wáyà pupa ló ń ti ọ̀dọ̀ bátìrì bọ̀, yẹ́lò ni ti dímù, funfun ni ti fúlù, àwọ̀ ilẹ̀ sì ni èyí tó ń da iná padà sára irin. Ó ní iná tó bá ṣókùnkùn kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi gílóòbù; ibi tí wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ ti kan irin ni kí á kọ́kọ́ fi sáńpépà ha. Ó gé gbogbo wáyà tó ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé dànù, ó sì fi tuntun tó sanra bákan náà rọ́pò wọn.

Ó wá mú bébà fàdákà náà jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní fíúsì ni ẹ̀ṣọ́ ilé: bí wáyà bá kan irin, fíúsì ni yóò jó kí wáyà má bàa jó. Èyí tó funfun nínú ọkọ̀ wa ń gba áńpíà 8, pupa ń gba 16. Bébà sìgá kì í tètè jó, nítorí náà wáyà fúnra rẹ̀ ló jó. Mo sọ fún ìyálé mi níbẹ̀ pé èmi ni mo gbà kí wọ́n fi í síbẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Èmi náà rí omi lábẹ́ àga ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ní kó máa jẹrà."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ má ṣe fi gílóòbù ńlá sí ọkọ̀ àtijọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ iná tó mọ́lẹ̀. Gílóòbù wáàtì 45 lórí bátìrì fóòtì 12 kò gbà tó áńpíà 4. Ti wáàtì 100 ń gbà ju 8 lọ, wáyà àti súìṣì àtijọ́ kò sì lè gbé e láìsí rílè. Bí ọkọ̀ bàbá yín bá ti wà ṣáájú 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí ìjọba kó wa kúrò ní apá òsì ọ̀nà sí apá ọ̀tún, ẹ wo iná dímù rẹ̀ dáadáa: apá òsì ni wọ́n ṣe é kó máa tàn sí, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni yóò sì máa gún lónìí. Ẹ pààrọ̀ gíláàsì iná náà. Ẹ fi ìdérí bo orí bátìrì. Bí òjò bá dá, ẹ fi ọwọ́ tẹ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá tutù, ẹ má ṣe sọ pé ó di ọ̀la.

Ní ọjọ́ tí a gbé Ìjàpá padà sí Lálúpọn, ìyálé mi wọ yàrá rẹ̀, ó mú ìwé ọkọ̀ jáde. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lórí. Inú agolo bisikíìtì kan náà ni àwọn méjèèjì wà báyìí, nínú pálọ̀, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa ti lè tó o lóru. Nígbà tí a bá ń lọ sí Ìbàdàn, ìyálé mi ń jókòó sí iwájú nígbà tí a ń lọ, èmi ń jókòó síbẹ̀ nígbà tí a ń bọ̀. Ọmọ tó fẹ̀sẹ̀ wáyé náà ń rìn káàkiri báyìí, ẹ̀yìn ni òun fẹ́ràn, ó ní ibẹ̀ ni òun ti ń rí gbogbo wa.