Jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, arákùnrin kan nínú ìjọ wa mú fídíò kan wá hàn mí. Wọ́n ń ta jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo. Bátìrì á yí mọ́tò, mọ́tò á yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, ẹ̀rọ yẹn á tún máa cháàjì bátìrì padà. Ó ní, "Pásítọ̀, kò ní kú láé! Ẹ bá mi gbàdúrà sí owó tí mo fẹ́ fi rà á."

Mo gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́ o! Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì. Ẹ̀rù ló bà mí, kí wọ́n má lọ sọ pé ìgbàgbọ́ Pásítọ̀ kéré. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀, ó kú. Owó àjọ ọdún méjì bá a lọ.

Ohun tó yẹ kí n sọ fún un rèé. Òfin kìíní: a ò lè dá agbára sílẹ̀ láti inú òfo, a ò sì lè pa á run, ìrísí rẹ̀ nìkan ló ń yí padà. Bẹntiróòlù á bá ọ́síjìn jóná, ooru á jáde, ooru á yí ẹ́ńjìnì, ìyẹn á di iná. Láàárín ọdún 1840 sí 1850, James Joule ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí ohun wíwúwo máa sọ̀ kalẹ̀, kó máa yí abẹ̀bẹ̀ nínú omi. Omi náà gbóná díẹ̀. Iṣẹ́ ló di ooru.

Òfin kejì: ẹ̀kọ gbígbóná á tutù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló rí ẹ̀kọ tútù tó dédé hó? Níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń yí agbára padà, díẹ̀ á di ooru, á fọ́n ká. Tí èmi àtìwọ bá ń gbé ẹgbẹ̀rún náìrà kan náà fún ara wa, tí a ń yọ owó ọkọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé kò ní tán ni? Bí bátìrì yẹn ṣe kú nìyẹn.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un, ó wò mí, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ mọ̀, ẹ ò sọ?" Ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ wá, ẹ bi wọ́n: níbo lagbára rẹ̀ ti ń wá? Sóólà á ní ọ̀dọ̀ oòrùn. Èyí tí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ di owó yín mú. Ìbéèrè kì í pa ìgbàgbọ́.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì o.