Ìdánwò Òkúta Wúrà

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu bàbá mi, tí mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé àròkọ mi ní ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dénú títí di ọdún 2008, nígbà tí mo bá àwọn kan tí ń wá wúrà ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó àbúrò bàbá mi.

Ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni mí, wúrà kì í sì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ọ̀nà méjì ni ó gbà wà nínú ilẹ̀. Èkíní ni èyí tí ń bẹ nínú iyanrìn etí odò. Àwọn tí ń wá irú èyí a máa bu iyanrìn sínú igbá, wọn a sì máa fi omi yí i títí èyí tí ó fúyẹ́ yóò fi ṣàn lọ, tí wúrà tí ó wúwo yóò sì kù sí ìsàlẹ̀. Èkejì ni èyí tí ó ṣì wà nínú akọ òkúta, níbi tí Ẹlẹ́dàá fi í sí. Òkúta funfun kan ni ó sábà máa ń gbé e pamọ́, èyí tí ó la àárín àwọn òkúta mìíràn kọjá gẹ́gẹ́ bí iṣan ti la ara ènìyàn kọjá. Ènìyàn lè wo òkúta bẹ́ẹ̀ kí ó má rí ohun tí ó jọ wúrà nínú rẹ̀ rárá, síbẹ̀ kí wúrà wà níbẹ̀. Ó sì lè rí ohun tí ń dán yinrinyinrin, kí ó jẹ́ irin àti imí-ọjọ́ lásán ni ó para pọ̀ di nǹkan náà. Ìdí nìyí tí a kì í fi ojú lásán dá òkúta lẹ́jọ́. A ní láti bù nínú rẹ̀, kí a lọ̀ ọ́, kí a sì fi iná dán an wò.

Ní àkókò ìsinmi gígùn ọdún náà, àwọn olùwádìí kan wá pàgọ́ sí ìtòsí abúlé wa. Wọ́n ń fẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò máa ru àpò òkúta, tí ó sì lè kọ nọ́ńbà sí i lára láìṣì í kọ. Wọ́n gbà mí sí iṣẹ́. Bí Ọlọ́run ti fẹ́ ẹ, ọ̀kan nínú àwọn iṣan òkúta funfun tí wọ́n ń tọ̀ gba inú oko àbúrò bàbá mi kọjá, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Ọkùnrin yìí ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Láti ọjọ́ tí ó ti rí àwọn olùwádìí nínú oko rẹ̀ ni oorun kò ti kun ojú rẹ̀ mọ́. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́ọ́nì tí ó wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n a ní láti san owó ìtanràn fún ẹni tí a bá ba irè oko rẹ̀ jẹ́ nítorí kùsà. Bàbá Kékeré rò ó pé bí òun bá lè ra oko aládùúgbò òun kún ti òun, owó náà yóò di ìlọ́po méjì. Kò sì sí owó lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò ṣe kí ó fi oko kòkó dógò lọ́dọ̀ olówó èlé.

Ọ̀gá wa jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Lákọ̀ọ́kọ́, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú òkúta mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá yóò fi ẹfun fa ìlà méjì ní ìbú iṣan òkúta náà, láti etí kan dé etí kejì. Láàrin ìlà méjèèjì ni a ó ti fi òòlù àti ṣísẹ́lì gbẹ́ ihò tóóró kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 10, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ntímítà 5. Tapólì ni a tẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ̀rún òkúta kan má baà sọnù. Èyí tí ó le àti èyí tí ó rọ̀, èyí tí ń dán àti èyí tí ó ṣú, gbogbo rẹ̀ ni a ó kó sínú àpò. Ọ̀gá wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ òrùka wúrà wá sí ẹnu iṣẹ́. Òun pàápàá a máa bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sílé, kí ohun tí ó bá ha lára rẹ̀ má baà bọ́ sínú òkúta.

Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ tí a fi ń ṣe wàhálà tó báyìí. Ó ní, “Ọmọ mi, bí ìyá rẹ bá ń se ọbẹ̀, ṣé kì í rò ó kí ó tó tọ́ ọ wò? Bí ó bá bu epo orí rẹ̀ nìkan tọ́ wò, ǹjẹ́ ó lè mọ bí iyọ̀ inú rẹ̀ ti tó? Kílò mẹ́ta òkúta ni ó wà nínú àpò yìí, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù ni ó ń jẹ́rìí fún.”

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò fi sọ́kàn. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá lọ sí apá kejì òkè, ó fi mí sílẹ̀ láti parí àpò 17 nínú oko Bàbá Kékeré. Bí mo ti ń gbẹ́ òkúta, mo rí ẹ̀rún díẹ̀ tí ó pọ́n nínú rẹ̀. Mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ ọ̀kan, kò fọ́ bí àwọn ayédèrú ti máa ń fọ́, ńṣe ni ó tẹ̀ wọnú. Wúrà ni! Inú mi dùn, mo sì ro ti Bàbá Kékeré. Mo wá ṣa gbogbo ẹ̀rún òkúta tí ó ní ohun pípọ́n lára jọ, mo tún gbẹ́ díẹ̀ sí i níbi tí wọ́n pọ̀ sí, mo kó wọn sínú àpò, mo sì da púpọ̀ nínú òkúta tí ó ṣú dànù sínú koríko. Ọkàn mi kò dá mi lẹ́bi rárá. Mo wí fún ara mi pé n kò purọ́, nítorí pé kò sí òkúta kan nínú àpò náà tí kì í ṣe ibẹ̀ ni ó ti wá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé èsì dé. Púpọ̀ nínú àwọn àpò náà kò ní tó gíráàmù wúrà kan nínú tọ́ọ̀nù òkúta. Àpò 17 ní gíráàmù 31. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Kékeré ní alẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó jó, ó sì ránṣẹ́ sí olówó èlé pé kí ó mú ìwé àdéhùn wá ní ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀gá wa kò jó ní tirẹ̀. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí á tún un gbẹ́.” Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ihò mẹ́ta mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ó di ẹnu àpò wọn, ó sì ní kí n bá òun gbé wọn lọ sí ilé àyẹ̀wò kí n lè fojú mi rí iṣẹ́ iná.

Níbẹ̀ ni mo ti rí i bí wọ́n ti ń sá òkúta kí ó gbẹ, tí wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ títí tí ó fi kúnná bí èlùbọ́. Wọ́n pò ó pọ̀ dáadáa, wọ́n pín in sí mẹ́rin, wọ́n tún ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ pín, títí ó fi ku gíráàmù 30. Wọ́n pò ó mọ́ lúúlú òjé jíjóná, bórásì, sódà àti ìyẹ̀fun díẹ̀, wọ́n dà á sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n sì gbé e sínú ìléru tí ooru rẹ̀ ju 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gbogbo rẹ̀ yọ́. Ìyẹ̀fun sọ lúúlú náà di ojúlówó òjé, òjé sì ń rọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bí òjò wínníwínní, ó ń gbá wúrà jọ bí ó ti ń lọ. Nígbà tí ó tutù, wọ́n fi òòlù gbọn ìdàrọ́ tí ó dàbí gíláàsì kúrò, ó ku kókó òjé kan. Wọ́n gbé kókó yìí sínú ago kékeré tí a fi eérú egungun mọ, wọ́n sì tún dá a padà sínú iná. Díẹ̀díẹ̀ ni òjé ń jóná, tí ara ago ń fà á mu, bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń fa omi mu. Ohun tí ó kù ní ìkẹyìn kò tó orí abẹ́rẹ́: wúrà àti fàdákà ni. Wọ́n fi ásíìdì jẹ fàdákà kúrò, wọ́n sì gbé wúrà lé orí òṣùwọ̀n.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe dán irú iṣẹ́ yìí wò nílé o. Májèlé ni òjé. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ọmọdé tí ó ju 400 lọ ni ó kú nítorí pé àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà tí ó ní òjé nínú ní àdúgbò tí wọ́n ń gbé.

Èsì ihò mẹ́ta náà jáde: gíráàmù 0.8, 1.1 àti 0.6. Mo rò pé ọ̀gá yóò bi mí léèrè, ṣùgbọ́n kò bi mí. Ìtàn kan ni ó sọ fún mi bí a ti ń padà bọ̀ wá sílé.

Ó ní ní ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Kánádà tí ń jẹ́ Bre-X gba ilẹ̀ kan ní Busang, nínú igbó kìjikìji erékùṣù Borneo, ní ilẹ̀ Indonéṣíà, láti máa wá wúrà. Wọ́n lu ihò wọnú ilẹ̀, wọ́n sì ń fa òkúta jáde ní gbọọrọ bí ọ̀pá. Àṣà àwọn awakùsà ni pé kí a la irú òkúta bẹ́ẹ̀ sí méjì, kí a lọ ìdajì, kí a sì fi ìdajì pamọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Busang, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lọ̀. Kí ó sì tó dé ilé àyẹ̀wò, a ti bu ẹ̀rún wúrà mọ́ ọn, wúrà tí igun ara rẹ̀ ti dán róbótó bí èyí tí omi odò ti yí kiri. Ilé àyẹ̀wò kò purọ́. Ohun tí a kó fún un ni ó wọ̀n. Òkìkí kàn, àwọn ènìyàn ń du ìpín owó ilé-iṣẹ́ náà rà, títí iye rẹ̀ fi di nǹkan bí bílíọ̀nù 6 dọ́là ilẹ̀ Kánádà. Ní oṣù kẹta ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ Freeport-McMoRan ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lu ihò tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ihò ti tẹ́lẹ̀, kò sì rí wúrà kan tí ó tó nǹkan. Ní oṣù karùn-ún, àwọn olùyẹ̀wò mìíràn jẹ́rìí sí i pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Owó púpọ̀ ṣègbé, títí kan owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ tí kò fojú kan Busang rí.

Nígbà tí ó sọ ibí yìí, n kò lè gbójú sókè mọ́. Mo wí pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣa àpò 17.” Mo sọ fún un pé n kò mú òkúta kankan láti ibòmíràn wá. Ó mi orí, ó ní, “Mo mọ̀. Òkúta tòótọ́ ni o kó, ẹ̀rí èké ni o fi wọ́n jẹ́.” Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà pupa sí nọ́ńbà 17, kò ya ojú ìwé náà dànù. Ó kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ní kí n fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ náà. Mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá Kékeré lọ ní òru, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Nítorí èmi ni o ṣe ṣe é?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Ó ní, “Díẹ̀ ni ó kù kí o fi ìfẹ́ sọ mí di aláìnílé.” Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí olówó èlé dé ní ọjọ́ kejì, ó fi ọtí ṣe é lálejò, ó sì dá ìwé rẹ̀ padà fún un láìtẹ ìka. Kòkó oko náà ni a tà ní ọdún náà tí a fi san owó ìdánwò àṣekágbá mi.

Wúrà wà ní ilẹ̀ wa lóòótọ́. Ní oṣù keje ọdún 2021, wúrà àkọ́kọ́ jáde láti inú akọ òkúta ní kùsà Sẹ̀gilọlá, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti mọ̀ pé wúrà ń bẹ níbẹ̀, síbẹ̀ a kò dá owó lé e títí a fi lu ihò lórí ihò, tí a sì fi iná dán òkúta wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí a bá pè yín láti jẹ́rìí nípa òkúta, tàbí nípa ènìyàn, tàbí nípa ìlú, ẹ má ṣe ṣa èyí tí ó wu ọkàn yín nìkan. Ẹ kó èyí tí ń dán, kí ẹ sì kó èyí tí ó ṣú mọ́ ọn. Ẹni tí ó sọ ìdajì òtítọ́ lè rò pé òun kò purọ́, bí èmi náà ti rò nígbà náà. Ṣùgbọ́n iná kò ní ṣàì dán an wò.