Ganvié: Ìlú Tí Ó Sá Wọ Inú Omi

Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn tàbí Kánò mọ̀ pé ẹsẹ̀ tàbí mọ́tò ni ènìyàn fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹnu yóò yà á bí ó bá rí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tukọ̀ lọ síbẹ̀. Èyí kì í ṣe àlọ́ o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ní Ganvié, ìlú tí ó wà lórí adágún omi Nokoué, ní àríwá Kutọnu, ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ lé ní 20,000.

Ìdílé tí ó bá ti Èkó wá yóò gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Ó dára kí wọ́n sùn ní Kutọnu tàbí Àjàṣẹ́ tí ayé mọ̀ sí Porto-Novo, kí ó má baà ti rẹ àwọn ọmọ kí wọ́n tó dé etí omi. Ní òwúrọ̀, kí wọ́n forí lé èbúté Abomey-Calavi. Kí bàbá dúnàádúrà owó àlọ àti àbọ̀ parí kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀. Kí ìyá rí i pé ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí ó dé wọn ní fìlà nítorí oòrùn, kí ó sì mú omi mímu àti ìpápánu dání. Adágún náà kò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n omi tí ó mu bàbá dé ìbàdí ti bo ọmọ mọ́lẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ojú ọmọdé kì í sinmi mọ́. Yóò rí ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ omi bí ọgbà. Acadja ni wọ́n ń pè é. Ẹja á wá fi abẹ́ ẹ̀ka náà ṣe ilé, yóò máa jẹ, yóò máa bí sí i. Nígbà tí ó bá tó àkókò, àwọn apẹja á fi àwọ̀n yí i ká, wọn á yọ igi kúrò, wọn á sì kó epìyà wọn. Níwájú díẹ̀ ni àwọn ilé wà lórí òpó igi, tí àwọn ìyá ọlọ́jà dé akẹtẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń ná ọjà láti inú ọkọ̀ sí ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà wọ́n ní fọ́tò, kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ilé onílé ni, kì í ṣe ọgbà ẹranko. Ó yẹ kí ọmọ rí i pé òbí òun béèrè.

Láìpẹ́, ìbéèrè yóò jáde lẹ́nu ọmọ: “Bàbá, ṣé ilẹ̀ kò tó wọn ni?”

Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Kì í ṣe ìfẹ́ omi ni ó gbé àwọn Tofinu débẹ̀. Ní ayé òwò ẹrú, àwọn jagunjagun Dàhọ̀mì ń kó ènìyàn, wọ́n ń tà wọ́n fún òyìnbó etí òkun. Àwọn Tofinu sá wọ inú omi. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé èèwọ̀ àwọn jagunjagun náà ni láti jà lórí omi. Ohun tí wọ́n sọ pé orúkọ ìlú náà túmọ̀ sí ni pé, a ti yè.

Ìtàn yìí kan Yorùbá pẹ̀lú. Dàhọ̀mì yìí kan náà ni ó gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, òun náà ni ó run Kétu ní 1886. Ohun tí àpáta Olúmọ jẹ́ fún Ẹ̀gbá ni omi Nokoué jẹ́ fún Tofinu.

Kò di dandan kí òbí ka gbogbo ìwà ìkà náà sí ọmọ ọdún márùn-ún létí. Ó tó kí ó mọ̀ pé àwọn òbí kan wá ààbò fún ọmọ wọn, wọ́n sì rí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbọ́ èyí tí ó kù, pé aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ nínú títa aláwọ̀ dúdú. Kí òbí má ṣe fi ìyẹn pamọ́ fún un. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ lórí omi náà gan-an, tí ó ń wo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń tukọ̀ kọjá, yóò mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé nìkan ni àwọn tí wọ́n sá fún ẹrú wà. Wọ́n bímọ, ọmọ wọn sì wà níbẹ̀.