Àwọn Ẹranko Tí Mo Kà Lójú Ọ̀nà Abidjan

Ní agbègbè Èjìgbò, bí wọ́n bá ní ẹnìkan "ti lọ," kò sí ẹni tí yóò béèrè ibi tó lọ. Abidjan ni. Ní Isundunrin tiwa, ilé tí kò ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n kan ní Côte d'Ivoire kò pọ̀. Àwọn ìyá tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá máa ń fi Faransé ná ọjà, àwọn ọmọdé sì máa ń fi Faransé bú ara wọn. Láti Èjìgbò gan-an ni bọ́ọ̀sì ti ń gbéra, tí yóò gba Èkó kọjá, tí yóò sì máa bá etíkun lọ, gba Benin, Tógò àti Gánà títí yóò fi dé Abidjan. Láti Èkó sí ibẹ̀ nìkan tó nǹkan bíi kìlómítà 1,000.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn ọ̀nà yìí: iye tí wọ́n ń gbà ní ibodè, bí owó sẹ́fà ṣe wọ́n sí i, bí ẹsẹ̀ ṣe ń wú nítorí ìjókòó. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó rí láti ojú fèrèsé rí. Àfi bí ẹni pé gbogbo wọn dijú láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Abidjan.

Oṣù Kejìlá tó kọjá ló kàn mí. Mo wà ní SS2. Ìyá àgbà fẹ́ lọ wo ọmọ wọn, ìyẹn ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ta aṣọ ní Treichville, wọ́n sì ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ lo ìsinmi Kérésì. Tàǹtí ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n màmá mi yìí. Ìsinmi ni wọ́n pè é lójú mi o. Ṣùgbọ́n ìsinmi náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ lò lọ́dọ̀ Tàǹtí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì tíì dé di ọjọ́ náà. Nígbà tí màmá mi ń di ẹrù mi, gbogbo aṣọ mi ni wọ́n kó tán pátá, ó ku yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé nìkan lórí okùn. Mo rí i, n kò sì sọ̀rọ̀. Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ bá àgbà jiyàn lórí ohun tí wọn kò tíì fi ẹnu sọ?

Ní ọjọ́ tí a gba ìsinmi, tísà báyọ́lọ́jì wa fún mi ní ìwé kékeré kan. Wọ́n ní kí n máa kọ gbogbo ẹranko tí mo bá rí sílẹ̀, ibi tí mo ti rí i àti ohun tó ń ṣe. Wọ́n ti sọ fún wa ní kíláàsì pé àwọn ènìyàn máa ń ti òkèèrè wá fi mọ́tò rìn létíkun orílẹ̀-èdè South Africa kí wọ́n lè wo ẹranko. Ní ìlú Hermanus níbẹ̀, orí ilẹ̀ ni ènìyàn yóò dúró sí tí yóò fi máa wo àbùùbùtán nínú òkun. Tísà wá ní, "Ìwọ náà ní ọ̀nà etíkun tìrẹ, ẹnu ọ̀nà ilé yín ló ti bẹ̀rẹ̀. La ojú ẹ."

Kí a tó dé Ìbàdàn ni ọmọkùnrin kan ti na òyà sókè sí wa lẹ́bàá títì. Ẹran àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì ti kú. Mo ronú díẹ̀, mo wá fa ìlà gba àárín ojú ìwé náà. Mo kọ "Ààyè" sí ọwọ́ kan, mo kọ "Òkú" sí ọwọ́ kejì.

Lẹ́yìn Kútọnú, bí a ṣe ń kọjá ní Ouidah, bàbá kan tó jókòó níwájú wa sọ pé ilé kan wà níbẹ̀ fún erè, tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá kan. Wọ́n ní bí erè bá wọ ilé ẹnìkan ní ìlú náà, wọn kì í pa á, ńṣe ni wọ́n ń rọra gbé e padà sí àyè rẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, inú ọbẹ̀ ni à bá gbé e sí." Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. N kò rí erè kankan níbẹ̀, nítorí náà n kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Etíkun Tógò kò gùn rárá, nǹkan bíi kìlómítà 50 ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni òkun ti súnmọ́ títì jù. Bí a ti kúrò ní Aného tí a ń lọ sí Lomé ni táyà wa bẹ́. Bí dẹ́rẹ́bà ti ń pààrọ̀ rẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ igi àgbọn. Àwọn apẹja tó lé ní ogún ń fa àwọ̀n láti inú òkun, apá kan lọ́tùn-ún, apá kan lósì, wọ́n ń kọrin, ẹsẹ̀ wọn sì ń wọ inú yanrìn. Nígbà tí àpò àwọ̀n náà dé èbúté, ìjàpá òkun kan wà láàárín àwọn ẹja wẹ́wẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó báàsìn ìfọṣọ. Omi ń dà lójú rẹ̀, mo sì rò pé ó ń sunkún. Ìgbà tí mo padà sílé ni tísà ṣàlàyé pé iyọ̀ tó pọ̀ jù lára rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ dà nù, àti pé abo rẹ̀ máa ń padà wá yé ẹyin sí agbègbè etíkun tí wọ́n ti pa òun fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti wà lójú agbami.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti dojú ìjàpá náà dé. Bàgbà kan tó dé fìlà wá pariwo mọ́ ọn. Wọ́n jiyàn díẹ̀ lédè tí n kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjì gbé e, wọ́n wọ inú omi dé ìbàdí, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bàbá tó sọ ìtàn erè yẹn ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún mi: bàgbà náà ní òfin kò gbà á, àti pé nígbà èwe òun, wọn kì í wọ́n báyìí. Abẹ́ "Ààyè" ni mo kọ ọ́ sí, ìwé náà sì tutù nítorí ọwọ́ mi.

Ní Gánà, oorun gbé mi lọ púpọ̀, n kò ní purọ́. Mo rántí Sogakope, níbi tí afárá ti gba orí odò Volta kọjá, tí àwọn obìnrin ń gbé búrẹ́dì wá sójú fèrèsé. Mo rí lékeléke níbi gbogbo, ẹyẹ tí gbogbo ọmọ Yorùbá máa ń tọrọ funfun èékánná lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lè ka iye wọn mọ́, ni mo bá kọ "ó pọ̀." Lẹ́yìn Takoradi, igi rọ́bà tò lọ bí àwọn ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Igbó ńlá Ankasa wà lápá ọ̀tún wa bí a ti ń lọ sí ibodè Elubo, erin sì ṣì wà nínú rẹ̀. Erin kò jáde sí wa. Àwọn ọmọdé ló jáde, òyà lọ́wọ́ kan, ìgbín lọ́wọ́ kejì. Ojú ìwé tí mo kọ "Òkú" sí kún ṣáájú èkejì.

Ní ibodè kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gba owó lọ́wọ́ gbogbo wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìrìnnà wa pé. A sì ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Lékeléke márùn-ún fò kọjá lórí irin ibodè náà nígbà tí a wà lórí ìlà. Wọ́n ti dé òdìkejì kí ó tó kàn wá.

A gba Grand-Bassam kọjá, olú-ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn Faransé ní níbẹ̀. Àjàkálẹ̀ ibà pọ́njú pa ènìyàn púpọ̀ níbẹ̀ ní 1899, ni ìjọba bá kó lọ sí Bingerville. Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà náà kiri. Nítorí náà mo kọ ẹ̀fọn sílẹ̀ pẹ̀lú. Kòkòrò tó lé ìjọba kúrò nílùú, tí ó sì tún jẹ mí lápá, ó yẹ kó ní àyè nínú ìwé mi.

Àwọn ará Treichville ń pe Yorùbá ní Anango. Inú ṣọ́ọ̀bù Tàǹtí ni mo ti lo ọjọ́ àkọ́kọ́, tí mo ń wọn aṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí gbogbo wa lọ gba atẹ́gùn ní Plateau, níbi tí àwọn ilé gogoro wà ní òdìkejì ọ̀sà. Bí oòrùn ti wọ̀, àdán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára àwọn igi ìgboro. Kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe igba. Wọ́n ń jáde ṣáá ni, wọ́n bo òkè láàárín àwọn ilé gogoro náà bí èéfín, àwọn ènìyàn sì ń kọjá lọ nísàlẹ̀, wọ́n ń tẹ fóònù.

Tàǹtí ní, "Àdán lásán lo wá la ẹnu sí báyìí?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Tàǹtí, àwọn ló ń gbin ìrókò."

Ìyá àgbà yíjú sí mi. "Kí lo wí?"

Mo ṣàlàyé bí tísà ṣe kọ́ wa. Irú àdán yìí máa ń jẹ èso ìrókò lóru, yóò gbé hóró rẹ̀ nínú ikùn lọ jìnnà, yóò sì yàgbẹ́ rẹ̀ síbòmíràn. Irú wọn wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Àìmọye mílíọ̀nù irú wọn ló sì máa ń péjọ sí igbó Kasanka ní Zambia lọ́dọọdún, láti oṣù Kẹwàá dé oṣù Kejìlá, kí wọ́n tó túká padà.

Ìyá àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "N kò rí ẹni tó gbin ìrókò rí láyé mi," ni wọ́n sọ. "Mo kàn ń bá a níbẹ̀ ni."

Tàǹtí gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń ṣí i lábẹ́ iná títì. Wọ́n ka iye tó wà lábẹ́ "Òkú": mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọn kò sọ nǹkan kan títí a fi délé.

Lóru, mo gbọ́ ohùn wọn ní pálọ̀. Ìyá àgbà ní, "Ọmọ tó mọ ẹni tó gbin ìrókò, kí lo fẹ́ kó máa wọn aṣọ fún?"

Tàǹtí dáhùn pé, "Màámi, èmi náà mọ̀wé kí ẹ tó ní kí n máa bọ̀ níbí."

N kò gbọ́ èsì. Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ sùn kò tíì sùn, mo mọ̀ ọ́n láti inú èémí rẹ̀.

Ní oṣù Kínní, Tàǹtí sìn wá dé gáréèjì ní Adjamé. Wọ́n fún mi ní owó tí n óo fi forúkọ sílẹ̀ fún WAEC, wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn a óo tún sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé mi, ó kọ orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ẹranko náà níbẹ̀ sí ojú ewé tó kẹ́yìn: àdán, chauve-souris, ìjàpá, tortue, òyà, agouti. Ó ní kí n máa fi àwòrán ohun tí mo bá rí nílé ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp, nítorí láti ìgbà tí òun ti dé, òun kò tíì gbé orí sókè wo àdán wọ̀nyẹn rí.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Isundunrin ni mo fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ìrókò kékeré kan ni, tó hù lẹ́bàá ọ̀nà odò, kò tíì ga tó orúnkún mi. Àbúrò mi fẹ́ hú u, Ìyá àgbà ní kó fi sílẹ̀.