Wọ́n Tún Mọ́tò Ṣe Tán, Wọ́n Ní Kó Lọ Kú: Eré Àfọ́kù Ọkọ̀ ní Hamburg, Lẹ́bàá Buffalo

Mẹkáníìkì tó bá ń tún mọ́tò ṣe, ohun tó ń wá ni pé kó pẹ́ lójú títì. Ṣùgbọ́n ní Hamburg, ìlú kan tí kò jìnnà sí Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York lọ́hùn-ún l'Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń tún mọ́tò ṣe, kó lè lọ kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Iṣẹ́ náà le, ó lófin, ẹ̀mí èèyàn sì wà nínú rẹ̀.

Oṣù August ni ìpàtẹ ńlá àwọn àgbẹ̀ agbègbè Erie máa ń wáyé níbẹ̀, oṣù tí Yorùbá ń pè ní oṣù Ògún. Àbí ẹ ò rí i pé ó bára mu? Láti 1820 ni wọ́n ti dá ìpàtẹ náà sílẹ̀. Tèèyàn bá wọlé, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti àgùntàn ni yóò kọ́kọ́ rí, tí àwọn ọmọ àgbẹ̀ ti wẹ̀ fún fínnífínní bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Òórùn ẹran sísun gba gbogbo ibẹ̀, àwọn ọmọdé ń ké lórí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé wọn yípo lókè. Ṣùgbọ́n tí eré àfọ́kù bá ti kàn, gìrìgìrì lẹsẹ̀ á máa rọ́ lọ síwájú pápá.

Eré ọ̀hún kò ṣòroó mọ̀. Nínú irú pápá bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń da omi sílẹ̀ kó di ẹrẹ̀, kí ọkọ̀ má baà lè sáré jù. Wọ́n á kó mọ́tò bíi mélòó kan sínú rẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n máa kọlu ara wọn. Èyí tó bá ṣì ń rìn lẹ́yìn tí gbogbo ìyókù ti kú ló gba ẹ̀bùn. Ẹni tó bá kàn ń sá kiri láìkọlu ẹnikẹ́ni, rẹfirí á lé e jáde.

Kì í ṣe Hamburg ló ti bẹ̀rẹ̀ o. Àwọn kan ti ń gbá ọkọ̀ lura ṣáájú, ṣùgbọ́n Larry Mendelsohn, tó ń ṣe eré ìje mọ́tò ní Islip, ní erékùṣù Long Island, ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìgboro ní 1958. Ohun tó kíyè sí ni pé ìgbà tí mọ́tò bá forí sọ ara wọn ni ariwo òǹwòran máa ń pọ̀ jù, kì í ṣe ìgbà tí ẹnì kan bá gba ipò kìíní. Pápá Islip ti kógbá wọlé láti 1984, eré náà ò bá a kú.

Láyé ọjọ́un, mọ́tò gbàǹgbà-gbàǹgbà ni wọ́n ń lò. Chrysler Imperial àárín àwọn ọdún 1960 le débi pé ọ̀pọ̀ pápá fòfin dè é. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyẹn ń tán lọ. Láti 2011 ni Ford kò ti ṣe Crown Victoria mọ́. Àwọn kékeré ló wá kún ojú agbo: Focus, Cavalier, Civic, Corolla.

IYỌ̀ LÓ KỌ́KỌ́ PA Á

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣa owó jọ láti ra tòkunbọ̀ á máa pariwo pé: "Corolla kẹ̀! Ìyẹn ni wọ́n ń fọ́?" Ẹ ní sùúrù. Ilẹ̀ yìnyín ni Buffalo. Nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yìí náà ló sì ń jẹ abẹ́ mọ́tò. Òfin New York ní kí wọ́n máa yẹ ọkọ̀ wò lọ́dọọdún. Èyí tí egungun abẹ́ rẹ̀ bá ti dípẹtà kọjá ààlà, kò lè gba ìwé ojú títì mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń kọrin, ara ti jẹrà. Irú ẹ̀ ló ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn eléré àfọ́kù ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó gbọ́n nínú wọn á ti fi òòlù gbá abẹ́ rẹ̀ wò kó tó sanwó, torí ibi tí àga awakọ̀ dúró lé kò gbọdọ̀ jẹrà.

WỌ́N Ń TÚ U BÍ ADÌYẸ

Òfin pápá kan yàtọ̀ sí òmíì, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ jọra. Gíláàsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, gbogbo rẹ̀ pátá, àti iná iwájú àti tẹ̀yìn. Wọ́n á ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yọ àga ẹ̀yìn àti gbogbo ike tó lè gbiná. Àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú sítíárì náà gbọ́dọ̀ jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bú gbàmù lójú awakọ̀ ní ìkọlù àkọ́kọ́.

Ó wá kan epo. Táǹkì tó bá ọkọ̀ wá kì í sábà dúró, torí ẹ̀yìn ni wọ́n máa gbá jù. Táǹkì kékeré, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ojú omi, ni wọ́n á gbé síbi tí àga ẹ̀yìn wà, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ pinpin, epo díẹ̀ báyìí ni wọ́n á sì bù sí i. Bátìrì á kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Wọ́n á dè é, wọ́n á fi rọ́bà bò ó kó má baà tan iná. Wọ́n á gé ihò sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí panápaná lè rí ibi fọ́n oògùn iná sí. Omi lásán ni wọ́n ń bù sí rédíétọ̀, kò gbọdọ̀ ní kẹ́míkà nínú.

Ti Ford kan tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nǹkan kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń gé epo tí ọkọ̀ bá ti forí gbá nǹkan. Ohun rere ni lójú títì. Nínú eré yìí, ìkọlù kan, ó ti parí nìyẹn. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n á wá fi súìṣì tí ọwọ́ awakọ̀ lè tó rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n á jó ilẹ̀kùn pa tàbí kí wọ́n fi ṣéènì dè é, ojú fèrèsé ni awakọ̀ á wá máa gbà wọlé bí olè. Wọ́n á ri òpó irin mọ́ ẹ̀yìn àga rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni èèwọ̀ àgbà: ọ̀dà funfun tàbí èyí tó ń tàn yòò ni wọ́n máa ń kùn ún kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ lọ gbá a, jíjáde ni.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Akoto ńkọ́? Ẹni tí kò bá ní in kò ní wọ pápá rárá. Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò á dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ gbo táǹkì, wọ́n á fa ṣéènì wò. Èyí tí kò bá pé, ẹ gbé e padà sílé.

Rìfáàsì ni ọ̀gá awakọ̀ fi ń jà. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì, rédíétọ̀ àti táyà tó ń wọ́ ọkọ̀ kékeré wà, nítorí náà ìdí ló fi ń gbá ọ̀tá. Ẹ̀yìn lè ká kò bí bébà, ọkọ̀ á ṣì máa wọ́ ara rẹ̀ lọ nínú ẹrẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó mọ̀ dájú pé òun fẹ́ lọ kọlu ọkọ̀ ń de bẹ́líìtì, ó sì ń gbé epo jìnnà sí iná. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó, tó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kóun rí jàm̀bá, àfi tó bá rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lókèèrè ló ń fa tirẹ̀ sáyà, kẹ́ẹ̀gì epo sì tún wà ní búùtù rẹ̀. Ta ló ń fi ẹ̀mí ṣeré nínú àwọn méjèèjì?

Ní Hamburg, tí rẹfirí bá ti parí eré, awakọ̀ á yọ jáde lójú fèrèsé, á dúró lórí òkè ọkọ̀, òǹwòran á pàtẹ́wọ́. Wọ́n á wọ́ mọ́tò lọ síbi àkìtàn irin. Ẹni tó wà á á lọ wá ẹran sísun jẹ.